Rìmóòtù bàlúù ń wa tírélà: sípíríǹgì ni gbogbo àṣírí ẹ̀

Ta ni kò tíì gbọ́ nípa Bàbá Ṣómólú tó ta mọ́tò mẹ́ta, tó fi ra kẹ̀kẹ́ kan? Àwọn kan ní orí bàbá náà pé, àwọn mìíràn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí jọ bẹ́ẹ̀: ẹnì kan mú rìmóòtù bàlúù, ó ní tírélà lòun fẹ́ fi wà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Orí onítọ̀hún pé.

Rìmóòtù ọlọ́pàá méjì là ń wí, kì í ṣe ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró lójú títì o! Ọ̀pá kékeré méjì ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Àwọn tó ń fi bàlúù kékeré ṣeré ló ń lò ó jù. Irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́: ní 1898, Nikola Tesla fi rédíò darí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níṣojú èrò ní New York, láìsí wáyà kankan. Lóde òní, iléeṣẹ́ Tamiya ní ilẹ̀ Japan ń ṣe tírélà kékeré tó jẹ́ ìdá kan nínú 14 tírélà gidi, tó sì ní jíà 3.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín bàlúù àti tírélà? Bí iná ẹ́ńjìnnì bàlúù bá ń kú nígbàkígbà tí ọwọ́ bá kúrò lára ọ̀pá, yóò já bọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá iná, tó sábà máa ń wà lápá òsì, kò fi ní sípíríǹgì. Ibi tẹ́ ẹ bá tì í sí ló ń dúró sí. Tírélà kò gba irú ẹ̀. Ó lè wúwo ju kìlógíráàmù 3 lọ. Bọ́mọdé bá ju rìmóòtù sílẹ̀, ṣé kí ó máa sáré lọ sídìí agbada òróró ìyá alákàrà ni? Ọwọ́ kúrò, ọkọ̀ dúró: òfin àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọgbọ́n ẹ̀ kò le. Ọ̀pá ọ̀tún ní sípíríǹgì tó ń dá a padà sáàárín. Ẹ jẹ́ kó máa darí sìtíárì àti iná ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ Futaba tí ọ̀pá iná ẹ̀ wà lápá òsì, ẹ ki púlọ́ọ̀gì sìtíárì bọ ihò 1 lára ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ tó wà nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ ki ti iná bọ ihò 2. Ọ̀pá òsì tí kì í padà ńkọ́? Jíà ló bá mu! Ẹ ki púlọ́ọ̀gì jíà bọ ihò 3, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà sàmì sójú mẹ́ta: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Lára rìmóòtù mìíràn, ihò lè yàtọ̀. Ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀pá òsì máa tẹ iná, àfi kó tú ẹ̀yìn rìmóòtù, kó sì fi sípíríǹgì sí i. Kó kọ́kọ́ yọ bátìrì o, kó sì rọra, torí wáyà ibẹ̀ tín-ín-rín, sípíríǹgì sì lè ta dànù.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Ohun ìṣeré olówó pọ́ọ́kú kò ní ihò púlọ́ọ̀gì wọ̀nyí, torí inú pátákó kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ ẹ̀ sí. Ẹ má náwó lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u wò. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀. Rìmóòtù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, òun náà ni kẹ́ ẹ pa gbẹ̀yìn. Bátìrì lithium tó bá ti wú, ẹ má fi sí iná mọ́, ó lè gbiná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún rédíò ṣe ní Bàrígà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní Ṣómólú, ta ló mọ sípíríǹgì tó yín? Fóònù ti gba oúnjẹ lẹ́nu rédíò, àmọ́ kò gba ọgbọ́n ọwọ́ yín. Ẹ̀yin ìyá, kẹ́ ẹ tó da ohun ìṣeré ọmọ sórí ààtàn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó kọ̀wé sí wa, kí ará yòókù gbọ́.