Ìwákiri Pákó Tí Ó Bọ́ Lẹ́sẹ̀ Lójú Òkun

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti fi ìgbálẹ̀ àti bébà ṣe káìtì rí, tí ó so òwú mọ́ ọn, tí ó sì sáré kiri pápá títí afẹ́fẹ́ fi gbé e lọ sókè. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá le, káìtì a máa fa ọwọ́ ọmọ bí ẹni pé ó fẹ́ já òwú gbà. Bí káìtì kékeré tí a fi bébà ṣe bá lè fa ọwọ́ báyìí, kí ni èyí tí ó fẹ̀ tó ilẹ̀ yàrá kan kò ní lè ṣe? Agbára yìí gan-an ni àwọn ènìyàn kan lò láti dá eré kan sílẹ̀ lójú òkun. Ẹni tí ń ṣe eré náà yóò dúró lórí pákó pẹrẹsẹ kan, káìtì ńlá yóò sì máa fà á sáré lórí omi.

Ní ọdún 1984, ọmọ ìyá méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú káìtì tuntun kan. A máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí káìtì náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́, nítorí náà, bí ó bá já lu omi, kì í rì, a sì lè tún gbé e dìde. Nígbà tí ọdún 1990 sí 1999 ń lọ sópin, eré náà gbilẹ̀ gidigidi ní Maui, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hawaii tí ó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2024, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì tí ìlú Paris gbàlejò rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ni ó díje nínú eré káìtì orí omi ní etíkun ìlú Marseille.

Ohun èlò eré náà kò pọ̀. Káìtì wà lókè; okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí gígùn rẹ̀ máa ń tó ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀ kalẹ̀ láti ara rẹ̀ wá sí ara ọ̀pá ìdarí tí ó wà lọ́wọ́ eléré. Ìgbànú líle kan tí ó ní ìkọ́ irin wà ní ìbàdí rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé apá nìkan ni yóò máa ru agbára káìtì. Pákó sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀. A kì í di pákó yìí mọ́ ẹsẹ̀ pinpin. Eléré kàn ki ẹsẹ̀ bọ awọ fífẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ni, kí ẹsẹ̀ lè tètè yọ bí ó bá ṣubú.

Níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan tí ń ṣeré ní etíkun àríwá Maui ṣe àpẹẹrẹ. Ní etíkun yìí, bí ènìyàn bá kọjú sí òkun, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí í ṣe ìhà ìlà-oòrùn, ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti fẹ́ wá. Ìgbì gbá ọkùnrin yìí ṣubú, pákó sì bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Pákó sùn gbalaja lórí omi, afẹ́fẹ́ kò rí ibi dì í mú, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sún lọ. Ṣùgbọ́n káìtì kò sinmi. Ó ń wọ́ ọkùnrin náà lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Kí ó tó nu omi kúrò lójú, pákó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ jìnnàjìnnà, ní ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bí ó bá ní kí òun lúwẹ̀ẹ́ padà lọ bá a tààrà, káìtì yóò máa fà á sẹ́yìn, yóò kàn rẹ ara rẹ̀ sí ojú kan náà ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n ti rí àbùjá. Wọ́n fi okùn so pákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tàbí mọ́ ìgbànú, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Lójú ẹni tí kò tíì rí ewu, ìmọ̀ràn náà dára, nítorí pé ohun tí a so kì í sábà sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bí káìtì bá ti ń wọ́ ènìyàn lọ, pákó a fi ẹ̀gbẹ́ gún omi, omi a sì dì í mú. Okùn a fà, a sì le bí rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Nígbà tí omi bá jọ̀wọ́ pákó lójijì, pákó a ta padà wá bí òkúta rọ́bà, orí tàbí ọrùn ẹni tí ó so ó mọ́ra ni yóò sì bà. Àṣíborí lè gba orí là, ṣùgbọ́n kò bo ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò bo ọrùn. Ẹni tí ó bá sì dákú nínú òkun ti wà lẹ́nu ikú. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré yìí fi ń kọ̀ fún ọmọ-ẹ̀kọ́ láti so pákó mọ́ ara rẹ̀.

Okùn mìíràn wà tí kò yẹ kí a ṣì mú fún èyí, òun ni okùn kúkúrú tí ó so káìtì mọ́ ìgbànú. Bí ewu bá dé tí eléré ní láti jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí, okùn yìí ni kì í jẹ́ kí káìtì fò lọ ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ọlọ́gbọ́n a so káìtì, a sì fi pákó sílẹ̀ láìso.

Báwo wá ni yóò ṣe rí pákó rẹ̀ gbà padà? Káìtì tí ó gbé e lọ náà ni yóò gbé e padà, bí ó bá mọ̀ ọ́n darí. Kí ó kọjú sí káìtì, kí ó sì wo ojú ọ̀run bí ojú aago, tí agogo méjìlá wà lókè orí rẹ̀. Bí ó bá dá káìtì dúró ní agogo méjìlá, yóò kàn máa léfòó lọ ni. Bí ó bá sì jẹ́ kí káìtì já wá sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀ gan-an, káìtì yóò fi agbára gbé e jìnnà sí pákó. Ibi tí ó dára ni ẹ̀gbẹ́: ní agogo méjì bí ó bá fẹ́ lọ sí ọ̀tún, ní agogo mẹ́wàá bí ó bá fẹ́ lọ sí òsì.

Bí ó bá ń lọ sí ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni yóò fi di àárín ọ̀pá ìdarí mú. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ sùn nínú omi, yóò na ara gbọnrangandan láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sì na ọwọ́ ọ̀tún síwájú nínú omi, kí ó tọ́ka síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ara tí ó rọ̀ bí àpò kò lè tako káìtì; ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ni yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ara tí ó le tí ó sì nà ń ṣe bí igi gígùn tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun: ó rọrùn fún un láti la omi síwájú, ó sì ṣòro fún un láti fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ọkùnrin wa ní Maui yóò lọ dágunlá sí ìhà òkun, yóò sì jèrè ìwọ̀nba díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn náà yóò gbé káìtì kọjá lókè orí sí agogo mẹ́wàá, yóò pààrọ̀ ọwọ́, yóò sì dágunlá padà sí ìhà ilẹ̀, yóò tún jèrè díẹ̀ sí i. Bí ó ti ń rìn kọ́lọkọ̀lọ báyìí ni yóò máa súnmọ́ pákó. Àwọn atukọ̀ ìgbòkun ti mọ ọgbọ́n yìí láti ayébáyé: ẹni tí afẹ́fẹ́ dojú kọ kì í lọ tààrà.

Ìṣọ́ra kan tún kù. Pákó tí ó sùn lórí omi kì í hàn láàárín ìgbì, nítorí náà, ní kété tí eléré bá ṣubú, kí ó wo igi tàbí ilé kan ní etíkun tí yóò fi ṣe àmì ibi tí pákó wà. Bí ó bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà, yóò máa pàdánù díẹ̀ nínú èrè rẹ̀. Bí ó bá sì lọ jìnnà jù kí ó tó yí padà, ojú rẹ̀ kò ní ká pákó mọ́. Kí ó rìn kọjá pákó díẹ̀, títí pákó yóò fi wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ó tó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró di ọjọ́ tí pákó bá bọ́ kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Olùkọ́ rere a máa mú ọmọ-ẹ̀kọ́ wọ inú omi pẹ̀lú káìtì nìkan, títí yóò fi lè lọ kí ó sì padà láìsí pákó rárá. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe eré yìí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun, nítorí pé agbami ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ. Bí agbára eléré bá sì ti ń tán, tàbí tí ilẹ̀ ń ṣú, kí ó gbàgbé pákó, kí ó jẹ́ kí káìtì fà á dé èbúté. Owó a máa ra pákó mìíràn, ṣùgbọ́n a kì í rí ẹ̀mí rà lọ́jà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òkun jẹ́rìí sí òwe yìí. Ẹni tí ó fi okùn so pákó mọ́ ara rẹ̀ so ewu mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń bá afẹ́fẹ́ jà ń lu omi lásán. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó gbé e lọ yóò gbé padà dé ìdí pákó rẹ̀.