Ẹ̀kọ́ Ẹṣin Gígùn: Láti Ìdí Koríko Dé Orí Gàárì

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fọwọ́ kan ìjánu?

Àwọn baba wa mọ ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ló gbógun ja Dàhòmì ní ọdún 1726; nígbà tí ó di ọdún 1748, Dàhòmì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Ẹṣin wọ́n lọ́jọ́ náà, nítorí eṣinṣin tsé-tsé ń pa á nínú igbó. Láti ìhà àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń rà á.

Ní Benin lónìí, Nikki ni àṣà náà ti hàn jù, ní ilẹ̀ Borgu, níbi tí ìtàn sọ pé ìdílé tó ń jọba ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Lọ́jọ́ ọdún Gaani, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìbàrìbá a wọ ẹ̀wù oníṣẹ́ ọnà, wọn a fi aṣọ aláràbarà ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, kàkàkí a sì máa dún.

Ní ìdílé ẹlẹ́ṣin, ẹ̀kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ẹṣin. Ọmọ a kọ́kọ́ máa pa koríko, a máa pọn omi, a máa gbá ilé ẹṣin, títí ẹṣin yóò fi mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó gùn ún. Bí ó bá ṣubú, wọn a ní: bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni.

Alùpùpù ti gba iṣẹ́ yẹn. Zemidjan ló ń gbé wa kiri. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹṣin ní ìlú ńlá a sanwó wákàtí kan, a dé akoto, a bá gàárì ní dídì sílẹ̀. Akoto dára, ó dára pẹ̀lú pé ọmọbìnrin ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wákàtí kan kò lè kọ́ni bí a ṣe ń yẹ pátákò wò, tàbí bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹṣin ń ṣàìsàn kí ó tó dùbúlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá lọ sí Gaani, ẹ má ṣe ya àwòrán nìkan. Nígbà tí èrò bá túká, ẹ lọ bá àwọn olùtọ́jú ẹṣin, kí ẹ bá wọn gbé omi, kí ẹ sì béèrè orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni à ń sọ pé wọ́n gún ènìyàn ní kẹ́sẹ́, tí à ń kìlọ̀ ìkóra-ẹni-níjàánu. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin ni méjèèjì. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ti iwájú ṣì wà lójú ọ̀nà.