Láti Inú Ìkòkò Ọbẹ̀ Dé Ilé Ẹjọ́

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a pò pọ̀ mọ́ ara wọn kò lóǹkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wọn yóò bá "medley", "potpourri", "gallimaufry" àti "hotchpotch" pàdé, olùkọ́ a sì máa túmọ̀ gbogbo wọn sí àmúlùmálà. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti wá, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé ilé ìdáná ni a ti bí wọn.

"Gallimaufry" jẹ́ ọbẹ̀ tí a kó oríṣìíríṣìí nǹkan sè pọ̀. "Potpourri" túmọ̀ sí ìkòkò jíjẹrà. Àwọn ará Spéènì ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ọbẹ̀ ẹlẹ́ran, kí àwọn Faransé tó yí i sí èdè tiwọn. Lónìí, òdòdó gbígbẹ tí a kó sínú àwo kí iyàrá lè máa ta sánsán ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. "Medley" nìkan ni kò ti inú ìkòkò jáde. Ìjà àjàpọ̀ ni í ṣe kí ó tó di orúkọ fún orin tí a so kọ́ra.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí àgbà dẹtí sí jù lọ ni "hotchpotch". Láti ara "hochepot" ni ó ti wá: "hocher" ni kí a mi nǹkan, "pot" sì ni ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí ni àwọn amòfin Gẹ̀ẹ́sì mú, tí wọ́n pè é ní "hotchpot", tí wọ́n sì fi ń pín ogún. Láyé àtijọ́, bí bàbá bá fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilẹ̀ nígbà ìgbéyàwó, tí bàbá náà sì kú, ọmọ náà kò lè bá àwọn arábìnrin rẹ̀ pín ilẹ̀ tí ó kù àfi bí ó bá dá tirẹ̀ padà sínú ìkòkò. Thomas Littleton, adájọ́ tí ó kú ní ọdún 1481, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé bí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní "pudding" ni ọ̀rọ̀ náà rí, nítorí pé a kì í fi nǹkan kan ṣoṣo ṣe é.

Ní ọdún 1670, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú irú ìlànà yìí wọ inú pípín dúkìá ẹni tí ó kú láì ṣe ìwé ìhágún. Bí bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta bá ti fún àkọ́bí ní 400 pọ́ùn nígbà ayé rẹ̀, tí ó sì fi 800 sílẹ̀, a ó ka gbogbo rẹ̀ sí 1,200. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400. Tí àkọ́bí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì tí ó kù ni yóò pín 800. Àjọjẹ kò sá dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Òfin ọdún 1995 ni ó fòpin sí ìlànà yìí lórí ogún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìṣòro yìí, nítorí ilé olórogún jẹ́ ibi tí ọmọ púpọ̀ ti pò pọ̀. Ìdí-igi ni kí a pín ogún ní iye ìyàwó tí ó bímọ. Orí-ojorí ni kí a pín in ní iye ọmọ. Baálé kan kú ní Èkó ní ọdún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni a ó pín in sí ni, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án? Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ mẹ́sàn-án. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní ọdún 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1962, pé àṣà ìdí-igi kò tíì kú, àti pé ìgbà tí ìjà bá dé ni a lè lo orí-ojorí. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ ọ́n sí.

Ẹni tí ó bá mọ oúnjẹ yóò mọ ìyàtọ̀ náà. Bí a ti gbé gbẹ̀gìrì àti ewédú pò di àbùlà, kò sí ẹni tí ó lè tún yà wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àdàlú, ẹ̀wà ṣì ń jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì ń jẹ́ àgbàdo. Lójú ìdí-igi, àdàlú ni agbo ilé. Ìkòkò kan ni ó sè wọ́n, síbẹ̀ ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mọ ìdí tirẹ̀.

Nítorí náà, kí bàbá tí ó bá ń fa ilẹ̀ lé ọmọ kan lọ́wọ́ lónìí pe ẹlẹ́rìí, kí ó sì sọ ọ́ ketekete bóyá ẹ̀bùn lásán ni tàbí ìpín ogún rẹ̀ ni ó ti ń gbà. Ẹni tí ó se ọbẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Bí ó bá kú láì sọ ọ́, àwọn ọmọ yóò máa wá a kiri ní kóòtù.