Ọkọ̀ Yín Lè Di Yàrá Nígbà Ìrìn-Àjò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀yin ìyá ọ̀wọ́n tí ẹ ń tọ́mọ ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgándò, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Nínú èrò báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ ju ojúlé, ilé-ìwé àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún bá sì dé, tí a fẹ́ kó wọn lọ sí ìlú baba wọn, ìṣòro mìíràn a tún yọjú: níbo ni a óò sùn? Bí ìnáwó bá wà nílé, ìbáà ṣe ìsìnkú, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, yàrá a kún, ẹní a sì kún. Owó ilé ìtura kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo àpò lè gbé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé bí ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ ìdílé yín, ó ṣeé ṣe kí yàrá tí ẹ ń wá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ ní Jámánì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Westfalia ti ń fi ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, kí ìdílé lè máa fi ṣe ilé lọ́nà ìsinmi. Ọmọ ìyá bọ́ọ̀sì yìí ni àwa ará Èkó kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, tí a sọ ní dáńfó. Ohun tí wọ́n sọ di ilé ni àwa fi ń kérò. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìmọ̀ díẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ lọ.

IBÙSÙN

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn ilẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wà ní títì. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi tí ó ti há jù, láàárín táyà méjèèjì. Nínú ọkọ̀ Sienna tí wọ́n ṣe láti ọdún 2004, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ṣeé ká wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀, ààyè a sì yọ. Ẹ má ṣe ká a kí ẹ tó gúnlẹ̀, nítorí pé orí ìjókòó, pẹ̀lú bẹ́líìtì lára, ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ọmọ tí ó sùn sórí fóòmù nínú ọkọ̀ tí ń sáré kò ní ohun tí yóò dá a dúró bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì.

Ẹ ra fóòmù oní-ínǹṣì 4, kí ẹ gé e sí mẹ́ta, kí ẹ sì rán ìbòrí kan ṣoṣo fún un tí yóò fi lè máa ká bí ìwé. Ẹ tẹ́ aṣọ tí omi kì í là kọjá sábẹ́ ìbòrí náà nítorí àwọn tí ń tọ̀ sílé. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá ni ẹ ní, káfíńtà lè kan àpótí ibùsùn tí ẹ óò máa kó ẹrù sínú rẹ̀. Kí ó fi bóòtì dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kí ó sì gé etí pákó rẹ̀ róbótó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ fi fóòmù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àpótí lè dúró di ọdún tí ń bọ̀.

FÈRÈSÉ

Ẹ gé àwọ̀n ẹ̀fọn kí ó fi ínǹṣì 3 tóbi ju fèrèsé lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ sì rán òòfà kéékèèké sínú ìṣẹ́tí náà. Yóò lẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Aṣọ àǹkárá tí ó dúdú díẹ̀, tí a ki rọ́bà sí lókè, tó fún kọ́tìnì. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tí ó kọjú síra sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ọ̀kan wọlé, kí ó sì máa gba èkejì jáde.

OMI ÀTI OÚNJẸ

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 20 tí ó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, ọṣẹ, àti póò ọlọ́mọrí fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí omi inú ọ̀rá dì gbagidi ní òru tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ sì kó o sínú kúlà: yóò mú oúnjẹ tutù, bí ó bá sì ti ń yọ́ ni ẹ óò máa mu ún. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí a kò fi sínú òtútù kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ kí a tó jẹ ẹ́. Nínú ooru ọ̀sán gangan, wákàtí 1 ti tó. Gààrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà àti èso ni ó yẹ ọ̀nà jíjìn.

OHUN TÍ Ń PANI

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà. Èéfín kan wà tí ń ti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, ààrò èédú àti sítóòfù jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí a fọ́ni, òòyì a kọ́ni, èébì a gbéni, oorun a sì kunni. Ẹni tí ó ti sùn tẹ́lẹ̀ lè má jí mọ́. Nítorí náà, ẹ kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹ sì sùn. Ẹ kò gbọdọ̀ dáná nínú ọkọ̀, bí ó ti wù kí òjò pọ̀ tó. Ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ gbogbo, ti aládùúgbò pẹ̀lú, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí yín. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kó gbogbo ọmọ jáde sí gbangba kíá, kí ẹ sì wá ilé-ìwòsàn lọ.

Bákan náà, ẹ má ṣe ti ọmọ mọ́ inú ọkọ̀ lọ́sàn-án, ì báà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ooru inú rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 10 lórí ọ̀pá Celsius ga sí i.

IBI TÍ Ẹ LÈ LỌ

Inú ọgbà tí ẹ mọ onílé rẹ̀ ni kí ẹ máa sùn: agbo ilé yín, tàbí ibi ìsinmi tí ó ní ẹ̀ṣọ́ tí ó sì gbà yín láàyè. Ẹ̀bá títì kì í ṣe ibùsùn, kí ilẹ̀ má sì ṣú yín sọ́nà. Láti Alímọ̀ṣọ́, ẹ lè fi Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba Abúlé-Ẹ̀gbá àti Sáńgò Ọ̀tà, kí àwọn ọmọ lè rí Òkè Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ nígbà ogun. Bí ara bá ti mọ́ yín, Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà wà ní Ọ̀ṣun, níbi tí omi Olúmirin ti ń já láti ìpele méje. Ìkógòsì sì wà ní Èkìtì, níbi tí ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ti ń pàdé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rìn jìnnà, ẹ kọ́kọ́ sun inú ọkọ̀ náà ní òru ọjọ́ kan nínú ọgbà tiyín. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, ilé kò jìnnà. Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé, ẹ wo ibi tí ẹ̀fọn ń gbà, kí ẹ sì tún un ṣe. Ọmọ tí ó bá rí ìlú mìíràn láti ọwọ́ ìyá tí ó múra sílẹ̀, kò ní gbàgbé ìrìn-àjò náà títí láé.