Ẹrù Tí Tiransifọ́mà Àdúgbò Lè Gbé

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ iná ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé owó ẹgbẹ́ ni àwọn mìíràn fẹ́ yá láti fi dá sí owó tiransifọ́mà tuntun ní Agboju àti agbègbè Festac. Kí a tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ jẹ́ kí a mọ bí wọ́n ti ń ṣírò ohun tí èyí tó wà nílẹ̀ lè gbé.

Lára tiransifọ́mà, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 200, 300 tàbí 500 kVA. Agbára rẹ̀ nìyẹn. Fésì mẹ́ta ni iná ń gbà jáde (a kò sọ ti ilé fésì-mí-àì-fésì-yú o!), bẹ́ẹ̀ ni fọ́ltì 240 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé wa. Bó bá jẹ́ 500 kVA, ẹ fi 3 pín 500,000, kí ẹ tún fi 240 pín èyí tí ẹ bá rí. Yóò jẹ́ nǹkan bí áḿpíà 694 fún fésì kan. Ti 300 kVA jẹ́ 417, ti 200 jẹ́ 278.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í di ẹrù kún ọkọ̀ bámúbámú lójoojúmọ́. Bí a bá fẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹrù má ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, ìyẹn áḿpíà 555 lórí fésì kan ti 500 kVA.

Ẹ jẹ́ ká ní ilé 27 ló wà lórí fésì kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń fa áḿpíà 20 lálẹ́. Ó di 540, kò burú. Ayálégbé mẹ́ta nínú ilé kọ̀ọ̀kan wá ra ẹ̀rọ amúlétutù oní-họ́ọ̀sì-páwà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa bíi áḿpíà 4. Ilé kan ti di 32, gbogbo rẹ̀ di 864! Kò sí ẹni tó jalè iná o, owó ló kàn wọlé fún àwọn èèyàn.

Tiransifọ́mà kì í sábà kú lọ́jọ́ náà. Ooru ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Bébà tí wọ́n fi wé wáyà inú rẹ̀ máa ń gbó: bí ooru bá fi nǹkan bíi dígíríì 6 kọjá ibi tó yẹ, ọjọ́ ayé bébà náà á dín sí ìdajì. Fíùsì ló yẹ kó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá yọ fíùsì tó jó, tó wá fi wáyà kọ́pà tó nípọn dí ojú rẹ̀, ó ti mú ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ibi tó kan owó wa jù nìyí. Ká ní wọ́n wọn 500 kVA kan, tí fésì pupa jẹ́ 700, yẹ́lò 300, búlúù 250. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,250. Bí a bá pín in dọ́gba, 417 ni. Irú èyí kò nílò tiransifọ́mà tuntun rárá! Kí wọ́n kó ilé díẹ̀ kúrò lórí pupa ni. Àwọn tó máa ń sáré yí sí fésì tí iná rẹ̀ dára ló sábà ń dá èyí sílẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn onílé kọ ìwé sí iléeṣẹ́ iná Eko, tó gba iṣẹ́ ní 2013 (NẸ́PÀ ṣì ni gbogbo wa ń pè é), pé kí wọ́n wá fi mítà wọn fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàrin aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Ọ̀sán kọ́ o. Àwọn èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí àpótí fíùsì fúnra rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ó pọndandan láti ra òmíràn, ẹ bá iléeṣẹ́ náà ṣe àdéhùn lórí ìwé kí ẹ tó sanwó, kí bí wọn yóò ti dá owó yín padà sì hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó fún un, kó mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà àti nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n wọ̀n wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́.