Ṣé o mọ̀? Bí Python bá ní òun kò rí module

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí o sọ fáìlì rẹ lè kó bá ọ? Ẹni tó fẹ́ ṣe lúdò pe fáìlì rẹ̀ ní random.py. Ó kọ import random, ó ní kí random.randint(1, 6) mú nọ́ńbà wá, Python bá fárígá. Fódà tí fáìlì rẹ wà ni Python kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, random.py tìrẹ ló bá níbẹ̀ dípò random ti Python, kò sì sí randint nínú rẹ̀. Yí i sí ludo.py, ìjà parí.

Ṣé o mọ̀ pé láti Python 3.13, tó jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, Python fúnra rẹ̀ ti ń gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ padà?

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí pip, tó ń kó module wá fún Python, mọ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí import mọ̀? Pillow lo máa bá pip sọ, PIL lo máa kọ lẹ́yìn import. Bákan náà ni beautifulsoup4 àti bs4, opencv-python àti cv2.

Ṣé o mọ̀ pé Python méjì lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan? Pip lè kó ẹrù fún ọ̀kan, kí èkejì máa pariwo ModuleNotFoundError. Fi python -m pip install ṣe é: Python tí o pè gan-an ló máa gba ẹrù.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn import math, NameError ni sqrt(16) máa fún ọ, àmọ́ math.sqrt(16) á fún ọ ní 4.0? Táíwò ilé Alágbẹ̀dẹ kì í ṣe Táíwò ilé Onílù. Dárúkọ agboolé kí o tó pe ọmọ.

Ṣé o mọ̀ pé from os import * máa ń fi open ti os rọ́pò open tí gbogbo wa fi ń ṣí fáìlì? Ohun tí o nílò nìkan ni kí o mú.

Ṣé o mọ̀ pé ìlà ìkẹyìn ló yẹ kí o kọ́kọ́ kà nínú àṣìṣe? ModuleNotFoundError: Python kò rí module náà rárá. ImportError tó ní “cannot import name”: ó rí module, kò rí orúkọ tí o béèrè nínú rẹ̀. Bí o bá ń fura pé fáìlì mìíràn ló wọlé, kọ print(random.__file__) sábẹ́ import gan-an, ibi tó ti mú un wá á hàn kedere.