Ọmọ tí wọ́n bá nínú odò Thames: ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ máa ń bi mí léèrè bóyá lóòótọ́ ni àwa oníṣẹ̀ṣe ń fi ènìyàn rúbọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo fẹ́ fi dáhùn.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kan nínú odò Thames, nítòsí ilé ìṣeré Globe. Kò ní orí, kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ yóò wà láàárín ọdún 4 sí 7. Nígbà tí kò sẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ eegun rẹ̀ wò. Oúnjẹ àti omi tí ènìyàn ń mu máa ń fi àmì ilẹ̀ tó ti wá sínú eegun, èyí tí wọ́n rí sì tọ́ka sí agbègbè tó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin. Wọ́n tún rí ẹ̀wà olóró Calabar nínú ìfun rẹ̀. Esere ni àwọn Efik ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń dán ẹni tí wọ́n bá pè ní àjẹ́ wò láyé àtijọ́. (N kò sọ pé Efik ló ṣe é o.)

Ni àwọn kan bá so ó mọ́ Ọ̀ṣun, nítorí odò àti àwọ̀ ṣòkòtò. Ọ̀ṣun! Ẹni tí àgàn ń tọ̀ lọ láti tọrọ ọmọ? Oyin, ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ yánrin ni mo mọ̀ pé wọ́n ń gbé lọ bá a.

Síbẹ̀ n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn baba wa pa ènìyàn bọ nǹkan láyé ogun àti ẹrú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí ni kì í jẹ́ kí ayé gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá ní a ti fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń wá ẹ̀yà ara kiri lónìí nítorí owó, apànìyàn ni wọ́n, ìbáà jẹ́ pé wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ Ifá mọ́wọ́.

Wọ́n tún rí àbẹ́là 7 nínú odò náà pẹ̀lú aṣọ funfun tí orúkọ Yorùbá wà lára rẹ̀. Ariwo ta. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tọpa orúkọ náà, ẹni tó ni ín ń bẹ láàyè ní New York. Ẹbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń dúpẹ́ pé jàǹbá ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án kò mú un lọ.

Ohun tó ká mi lára jù ni orúkọ. Ọmọ tí a bí nílẹ̀ wa, a ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ilẹ̀, a ó bi Ifá léèrè irú ayé tó wá jẹ. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ní ọjọ́ kẹsàn-án a ó fi omi, oyin, obì àti orógbó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnìkan tọ́ oyin sí ọmọ yìí lẹ́nu. Ẹnìkan gbé e pọ̀n. Ní 2002, Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ ìdílé tí ọmọ rẹ̀ bá sọnù kí wọ́n jáde wá. Ìyá kan kò jáde, bàbá kan kò jáde. Lẹ́yìn náà àwọn kan dárúkọ fún àwọn oníròyìn, kò sí èyí tó fìdí múlẹ̀. Ní 2006 wọ́n sin ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá ní kí n lọ ṣe ètùtù fún un lónìí, kí ni màá fi pè é? Èwo ni oríkì rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́jọ́ ikú rẹ̀. Ní 2021, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tún bẹ ará ìlú. Bí ẹ bá mọ ilé kan tí wọ́n ti mú ọmọkùnrin kékeré lọ sí òkè òkun ní nǹkan bí 2001, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀.